Àgbò tó dáa jù là ń pa jẹ: lẹ́tà ṣíṣí sí àwọn ọ̀gá iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Abẹ́rẹ́

Ẹ̀yin ọ̀gá wa tí ẹ wà nídìí ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ àti ohun ọ̀sìn ní sẹkitéríàtì Abẹ́rẹ́, bẹ̀rẹ̀ látorí kọmíṣánnà dórí ẹni tó ń gba fáìlì lẹ́nu ọ̀nà, mo kí yín o, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Èmi ni wọ́n ń pè ní Ìyá Eléran ládùúgbò wa lọ́nà Ìkìrun, nínú Òṣogbo níbí náà ni. Àgùntàn àti ewúrẹ́ ni mò ń sìn, ó ti lé lọ́dún mọ́kànlá báyìí, kí n tó bẹ̀rẹ̀ aṣọ ni mò ń tà ní Ọjà Ọba. Mi ò wá tọrọ owó fún ara mi o, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tíì pa lẹ́tà yìí dé. Ṣóò ẹran ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ máa bá wa ṣe ní Òṣogbo lọ́dọọdún, àgbò kan ló sì fà á tí mo fi ń kọ̀wé.

Alága lorúkọ àgbò náà. Àwọn ọmọ mi ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nítorí ìrìn rẹ̀, tó bá ń bọ̀ kì í yà fún èèyàn, ìwọ lo máa yà fún un. Ìyá rẹ̀ jẹ́ àgùntàn ilẹ̀ wa níbí, àwọn kúkúrú tí ojú ò kà sí yẹn, tí àìsàn kì í tètè gbé ṣánlẹ̀, bàbá rẹ̀ sì jẹ́ Yankasa tí wọ́n kó wá láti Òkè Ọya. Ó mú líle ara ìyá, ó mú gíga bàbá. Àwọn ọmọ tó ti bí fún mi, tí wọ́n bá pé oṣù mẹ́fà péré, ẹni tó bá rí wọn á ní ọlọ́dún kan ni, mi ò sì fún wọn ní oúnjẹ pàtàkì kan o, èèpo ẹ̀gẹ́ gbígbẹ ni, èérí àgbàdo, pẹ̀lú koríko tí ọmọ kan máa ń bá mi gé wá láti etí odò. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ọkùnrin kan wá ná Alága fún Iléyá. ₦650,000. Ó fẹ́ fi àádọ́ta ẹgbẹ̀rún sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, mo ní kó mú un dání ná.

Àmọ́ mo máa tà á, mi ò ní tàn yín. Ọmọ mi kejì fẹ́ san owó ilé-ìwé, òrùlé ilé ẹran ń jò, kí ni mo fẹ́ fi Alága ṣe tó máa pa iye yẹn wọlé lọ́dún yìí? Tí wọ́n bá sì pa á tán, akọ kan ṣoṣo ló kù nínú agbo mi, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó máa ń wúkọ́, kò sẹ́ni tó ná an rí, tí mo bá tiẹ̀ fi ta èèyàn lọ́rẹ onítọ̀hún á ní kí n ṣì máa bá òun tọ́jú ẹ̀. Òun ni yóò máa gun gbogbo abo mi lọ́dún tó ń bọ̀. Ọmọ ta wá ni wọ́n fẹ́ jọ?

Ẹ̀yin ọ̀gá wa, ibi tí mò ń lọ nìyẹn. Kì í ṣe èmi nìkan, ẹ yí gbogbo Òṣogbo po, ẹ dé Ìlobùú, ẹ dé Ẹdẹ, ẹ dé Ìwó, ohun tí gbogbo wa ń ṣe nìyẹn. Iléyá bá dé, àgbò tó tóbi jù la ó kọ́kọ́ fà síta. Ìsìnkú bá dé, ìkómọ bá dé, ọdún ìbílẹ̀ bá dé, òbúkọ tó sanra jù làwọn èèyàn máa nawọ́ sí, nítorí òun lowó wà lórí ẹ̀. Èyí tó rán, èyí tí kò dàgbà, òun ló máa ń gbé lágbo di baba ọmọ. Ọdọọdún là ń ṣe é, láti ayé àwọn ìyá wa. Lẹ́yìn náà a ó wá jókòó a ó máa sọ pé ẹran ilẹ̀ wa ò tóbi, pé ti Hausa ló dáa, pé ká lọ ra ewúrẹ́ Kalahari Red láti Gúúsù Áfíríkà. Báwo ló ṣe fẹ́ tóbi? Àwa fúnra wa là ń ṣa èyí tó tóbi jẹ tán.

Ẹ wo àwọn tó ń gbin iṣu, wọn ò jẹ́ dán irú ẹ̀ wò. Bó ti wù kí ebi pa wọ́n tó, wọ́n á ya èbù sọ́tọ̀. Bàbá mi, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, bí wọ́n bá kórè àgbàdo, àwọn tó gbó tí horo wọn tò dáadáa ni wọ́n máa ń so pọ̀ sórí àjà níbi tí èéfín iná ìdáná á máa fẹ́ sí i kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́, ọmọ tó bá lọ fọwọ́ kan án ọjọ́ yẹn ni yóò mọ̀ pé baba òun lágbára. A mọ̀ pé irúgbìn ni. Kí ló wá dé tá ò mọ̀ pé àgbò náà irúgbìn ni? Èmi rò pé ohun tó fà á ni pé àgbàdo tí wọ́n bá fi pamọ́, ẹgbẹ̀rún kan òní kọ́ ló máa pa fún wọn, àmọ́ àgbò ńlá lọ́jọ́ tó ku ọ̀sẹ̀ kan kó di Iléyá, owó tó máa tún ayé èèyàn ṣe ni.

Ìdí tí mo fi ń sọ̀rọ̀ ṣóò ẹran nìyẹn. Mo mọ̀ pé tí wọ́n bá ti dárúkọ ìpàtẹ àgbẹ̀ báyìí, ohun tó máa ń wá sí yín lọ́kàn ni kánópì, aṣọ àǹkárá ẹgbẹ́, kámẹ́rà, àti ẹni tó máa gé rìbọ́ọ̀nù. Kì í ṣe ohun tí wọ́n tìtorí ẹ̀ dá a sílẹ̀ nìyẹn o. Ọmọ àbúrò mi tó wà ní Amẹ́ríkà ló jẹ́ kí n mọ ìtàn ẹ̀, èmi náà wá kà á dáadáa. Ní Pittsfield, ìlú kan ní Massachusetts, ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Elkanah Watson lọ so àgùntàn méjì mọ́ abẹ́ igi ńlá láàárín ìlú lọ́dún 1807. Àgùntàn méjì péré! Merino ni, irú tó ní irun dáadáa, wọn ò sì tíì mọ irú ẹ̀ lágbègbè yẹn. Èrò wọ́ wá wò ó, obìnrin ọkùnrin. Ó wá rò ó pé tí àgùntàn méjì bá lè kó èèyàn jọ tó báyìí, tá a bá wá ko gbogbo ẹran àgbègbè yìí síta ńkọ́. Nígbà tó di 1810 ó ṣe ṣóò ẹran fún àwọn ará agbègbè náà. Ohun tí wọ́n ń fi ṣe é ni kí ẹni tó ní akọ tó dáa rí ìdí tí kò fi ní pa á jẹ, kí aládùúgbò rẹ̀ sì mọ ilé tí òun lè mú abo òun lọ. Ohun tó wà níbẹ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìjọba ìpínlẹ̀ ọ̀dọ̀ wọn dá sí i, ọ̀nà tí wọ́n gbà dá sí i ló sì wù mí kí ẹ gbọ́. Lọ́dún 1819 New York ya $10,000 sọ́tọ̀ lọ́dọọdún fún ọdún méjì, pé kí àwọn ẹgbẹ́ àgbẹ̀ ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan fi ṣe ẹ̀bùn, àmọ́ ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ gbà nínú ẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dá iye tó tó bẹ́ẹ̀ jọ fúnra wọn. Nígbà tó di 1841 wọ́n tún ya $8,000, ọdún yẹn náà ni wọ́n ṣe ṣóò gbogbo ìpínlẹ̀ ní Syracuse, ó ṣì wà dòní. Ẹ rí i, wọn ò gbé gbogbo ẹrù lé ìjọba lórí, wọn ò sì ní kí àwọn àgbẹ̀ máa dá ṣe é. Ní California, ibi tí wọ́n gbà ní tiwọn yàtọ̀, láti 1933 tí wọ́n ti fàyè gba tẹ́tẹ́ eré ẹṣin ni wọ́n ti ń mú nínú owó tó bá wọlé fún àwọn ìpàtẹ àgbẹ̀. Ó lọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó di 2011 owó ìjọba há, wọ́n gé owó náà kúrò, ojú wá là. Èyí tó gbára lé owó yẹn nìkan nínú àwọn ìpàtẹ kéékèèké rí ìyà. Torí ẹ̀ ni mi ò fi ní bẹ̀ yín pé kí ẹ gbé gbogbo ẹ̀ rù. Ẹ fún wa ní díẹ̀, kó máa wá lọ́dọọdún láìyẹ̀, kẹ́ ẹ sì ní kí àwa náà mú tiwa wá. Tí ẹgbẹ́ ọlọ́sìn kan bá dá mílíọ̀nù kan jọ, kí ìjọba fi mílíọ̀nù kan lé e, tí wọn ò bá dá nǹkan kan, kẹ́ ẹ má fún wọn ní kọ́bọ̀. Inú máa bí àwọn kan sí mi nítorí ohun tí mo sọ yìí, kò burú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí nígbà kan. Mi ò ní dárúkọ ibẹ̀, mi ò ní dárúkọ ẹni tó ṣètò ẹ̀, kò sì ṣẹlẹ̀ nípìnlẹ̀ yìí. Wọ́n ní ìpàtẹ ohun ọ̀sìn wà, wọ́n ní ká kó ẹran wa wá, mo háyà bọ́ọ̀sì, mo kó abo mẹ́ta àti òbúkọ kan, ọ̀kan nínú àwọn abo náà lóyún. Wọ́n ní aago mẹ́jọ àárọ̀. A dé aago mẹ́jọ. Àwọn kánópì tó wà ńlẹ̀, tàwọn àlejò pàtàkì ni, oòrùn ni wọ́n ní ká so ẹran wa sí, omi ò sí, mo ra píọ́ wọ́tà fún ewúrẹ́ mu, ẹ gbọ́ o, píọ́ wọ́tà, mò ń fi eyín já a lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá tí à ń retí dé ní aago méjì kọjá. Lẹ́yìn tí wọ́n dé, àwọn èèyàn mọ́kànlá ló sọ gúdúwìlì mẹ́sẹ́ẹ̀jì, mo kà wọ́n. Ọ̀gá wá yí po, wọ́n dé ọ̀dọ̀ mi, wọ́n gbé ọwọ́ lé òbúkọ mi lórí, kámẹ́rà yà wọ́n, wọ́n ní, "Àgbò yìí mà dáa o!" Mo ní ẹ ṣé sà. Kí ni mo tún fẹ́ sọ?

Àmọ́ ìyẹn gan-an kọ́ ló dùn mí jù. Ẹni tí wọ́n fún ní ipò kìíní nínú òbúkọ, okùn ọjà ṣì wà lọ́rùn ẹran ẹ̀. Ọ̀dà tí àwọn alájàpá máa ń fi sàmì sí ẹran lẹ́yìn ṣì wà lára ẹ̀, ó pupa rokoso. Alẹ́ àná ló rà á. Kò sẹ́ni tó la ẹnu ẹran náà wo eyín, kò sẹ́ni tó wọ̀n ọ́n, àwọn adájọ́ kàn ń rìn kọjá ni, wọ́n ń fọwọ́ tẹ fóònù. Nígbà tí mo máa fi délé, abo mi tó lóyún ti ń ṣẹ́yún. Ìbejì ni. Láti ọjọ́ yẹn, tí wọ́n bá pè mí sí ìpàtẹ, mo máa ń ní ara mi ò yá ni.

Nítorí náà tí ẹ bá máa ṣe tiwa ní Òṣogbo, òṣùwọ̀n ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rà. Kẹ́ ẹ tó ronú kánópì, ẹ ra òṣùwọ̀n tí ẹran lè gùn. Ní ọjà wa, báwo la ṣe ń mọ bí ẹran ṣe wúwo tó? Alájàpá á kàn fọwọ́ gbá a nídìí, á gbé e sókè díẹ̀, á ní kò tó nǹkan, ìwọ náà á búra pé ó tó, ẹni tí ẹnu ẹ̀ bá dáa jù ló máa jèrè. Èmi téèpù télọ̀ ni mò ń lò nílé, mo máa ń fi wọn àyà ẹran lẹ́yìn ẹsẹ̀ iwájú, mo ń kọ ọ́ sí ìwé ní oṣooṣù, ẹni tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ á mọ èyí tó ń dàgbà àti èyí tó kàn ń jẹun. Ewúrẹ́ wa kúkúrú yìí, èyí tó bá dàgbà tán kì í sábà ju bí kìlò 20 sí 30 lọ, ó máa ń lóyún fún oṣù márùn-ún, ó sì máa ń bí ìbejì dáadáa, eṣinṣin tsetse tó ń pa ẹran Òkè Ọya lára dànù, ara tiwa gbà á. Ìyẹn ni mo fi sọ pé kì í ṣe ẹran ìyà. Òṣùwọ̀n nìkan ló máa fi hàn wá èyí tó lè dé kìlò 30 nínú wọn lórí oúnjẹ kan náà. Tí wọ́n bá kàn to gbogbo wọn síbẹ̀ ká máa wò ó lójú lásán, gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run.

Èkejì, kí wọ́n fi nọ́ḿbà sí ẹran létí, ó kéré tán oṣù mẹ́fà ṣáájú, kí orúkọ ẹni tó ni ín sì wà nínú ìwé. Ní Texas, àwọn ọmọ ilé-ìwé tó fẹ́ mú màálù wá sí ṣóò, ọ̀pọ̀ oṣù ṣáájú ni wọ́n ti gbọ́dọ̀ mú un lọ kí wọ́n fi nọ́ḿbà sí i, kí ẹnì kan má baà lọ ra ti ọjà lálẹ́ àná. Àṣé àwọn náà ti rí olókùn ọjà rí! Èyí á tún jẹ́ kí ẹ mọ iye ẹran tó ń bọ̀ àti ilé ẹni tó ń sìn wọ́n, ìmọ̀ tí mo rò pé ẹ máa nílò dáadáa, nígbà tó jẹ́ pé láti oṣù keje 2024 ni ìjọba àpapọ̀ náà ti dá ilé-iṣẹ́ mínísítà lọ́tọ̀ sílẹ̀ fún ohun ọ̀sìn.

Dókítà ẹran ńkọ́? Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín o. Ibi tí ẹran igba bá ti pàdé, àrùn kátà lè wọ inú wọn, ẹni tó bá ti sin ewúrẹ́ mọ ohun tí mò ń sọ, ikun á máa dà nímú, ojú á máa ṣepin, ìgbẹ́ gbuuru, kẹ́ ẹ tó ṣẹ́jú agbo ti tán. Àjọ àgbáyé ní àwọn fẹ́ pa á rẹ́ kúrò láyé kó tó di 2030, abẹ́rẹ́ àjẹsára ẹ̀ wà, kò sì wọ́n. Kí ẹni tí kò bá gún un, ó kéré jù ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, má wulẹ̀ dé gééètì. Kí dókítà dúró lẹ́nu ọ̀nà, kó máa wo imú wo ẹnu, èyí tí kò bá dá a lójú kó dá a padà, bí ọmọ ta bá ń bínú kó máa bínú lọ. Tá a bá délé, ká so ẹran tó lọ sí ṣóò lọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kó tó darapọ̀ mọ́ àwọn yòókù. Adìyẹ ní tiẹ̀, tí lúkúlúkú tàbí àrùn ẹyẹ bá ń jà, kí wọ́n má gbé e wá rárá, ìjà ò sí níbẹ̀. Iowa tí wọ́n ti ń ṣe ìpàtẹ tiwọn láti 1854, lọ́dún 2015 tí àrùn ẹyẹ jà ní Amẹ́ríkà wọn ò gba ẹyẹ kankan láàyè, ayé ò bàjẹ́. Ẹlẹ́dẹ̀ náà, ẹ rántí ohun tójú àwọn ẹlẹ́lẹ́dẹ̀ rí l'Ékòó lọ́dún 2020 tí àrùn ẹlẹ́dẹ̀ jà. Ẹlẹ́lẹ́dẹ̀, ẹ má bínú sí mi, fọ́tò ni kẹ́ ẹ mú wá.

Wàyí o, ẹ̀bùn. Ibí ni mo ti fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Àwọn ará Ghana, ọ̀dá mú wọn lọ́dún 1983, iná jó oko wọn, ebi pa gbogbo ìlú. Àwọn àgbẹ̀ wọn gbé oko dìde padà lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìjọba wá ní òun fẹ́ yẹ́ wọn sí, bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ Ọjọ́ Àgbẹ̀ lọ́dún 1985 nìyẹn. Ẹ̀bùn tí wọ́n fún ẹni tó ṣe ipò kìíní ní gbogbo orílẹ̀-èdè: àdá méjì, bàtà róbà kan, àti rédíò kan. Mo rẹ́rìn-ín títí nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́. Àmọ́ wọn ò jáwọ́. Ọdún ń gorí ọdún, ó di katakata, ó di ọkọ̀ píkọ́ọ̀bù, nígbà tó fi máa di 2002 ilé oníyàrá mẹ́ta ni wọ́n ń fún olúborí. Àdá méjì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀! Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún mi pé owó ò sí.

Ohun tí mo fẹ́ ní tiwa ni pé kí ẹ pín ẹ̀bùn akọ sí méjì. Kí ẹni tó ní àgbò tó dáa jù gba ìdajì lọ́jọ́ ṣóò. Ìdajì yòókù, ó dọdún tó ń bọ̀, tó bá mú àgbò kan náà padà wá láàyè, pẹ̀lú nọ́ḿbà létí, pẹ̀lú orúkọ àwọn aládùúgbò tí wọ́n mú abo wọn wá gùn ún. Tó bá ti pa á jẹ, ó ti jẹ ìdajì ẹ̀bùn ẹ̀ mọ́ ọn nìyẹn. Ẹ ṣírò ẹ̀ wò, tí ẹ̀bùn yẹn lápapọ̀ bá ti sún mọ́ iye tí àgbò ńlá ń pa ní Iléyá, kò sí ọlọ́sìn tó máa tà á, èmi lè fọwọ́ sọ̀yà. Iye kánópì àti maikí àti ráìsì àwọn àlejò pàtàkì lọ́jọ́ kan ṣoṣo, mo ti bá àwọn tó ń háyà kánópì ní Òkè-Fìà sọ̀rọ̀, á tó owó àgbò mẹ́rin tàbí márùn-ún.

Àwọn kan máa ní, Ìyá Eléran, àwọn tó ti fẹ̀yìn tì ń retí owó wọn, ọ̀nà kò dáa, ìwọ ń pariwo àgùntàn. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin gan-an wà nínú àwọn tó ń retí. Torí ẹ̀ ni mi ò ṣe ní kẹ́ ẹ kọ́ gbọ̀ngàn, kẹ́ ẹ má sì ra ilẹ̀ tuntun. Pennsylvania ní ọgbà ńlá tó jẹ́ ti ìjọba fún ìpàtẹ àgbẹ̀ wọn ní Harrisburg, láti 1917 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, oṣù kìíní ọdọọdún ni, gbogbo èèyàn ló mọ̀ ọ́n. Àwa ò tíì débẹ̀. Pápá tó ní omi ẹ̀rọ àti igi tó ṣíji bo ẹran, ìyẹn tó wa. Ohun tá a lè mú lọ́dọ̀ wọn láìná kọ́bọ̀ ni ọjọ́ tí kì í yẹ̀. Ẹ mú ọjọ́ kan, ẹ má yí i, yálà gómìnà wà nílé tàbí kò sí. Èmi rò pé ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù kọkànlá ló máa dáa jù, òjò ti ń lọ, ọyẹ́ ò tíì dé, iṣu tuntun ti wà lọ́jà. Ẹ má mú un sí oṣù kẹjọ mọ́ ọdún Ọ̀ṣun o, kò ní sí ibi tá a máa gbà kọjá.

Ẹ sì wo bá a ṣe mọ èrò gbà ní ìlú yìí. Láti ìgbà tí rélùwéè ti dé Òṣogbo ní nǹkan bí 1907 la ti ń gba oníṣòwò tọwọ́tẹsẹ̀, tí igbó Ọ̀ṣun sì di ohun àjogúnbá àgbáyé ní 2005, àlejò òyìnbó wá kún un. Kò sídìí tí ọlọ́sìn Òṣogbo á fi máa gbé òbúkọ rìnrìn-àjò tó ju kìlómítà 400 lọ sí ṣóò àgbẹ̀ tó wà lọ́nà Keffi nítòsí Abuja, kí ẹran tó débẹ̀ á ti gbẹ bí ẹja. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ti UNIOSUN wà ní Èjìgbò, ti OAU wà ní Ifẹ̀, ẹ ní kí wọ́n wá máa wọn ẹran, kí wọ́n wá máa kọ nǹkan sílẹ̀, kò sí owó adájọ́ tó pọ̀ níbẹ̀. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àgbẹ̀ ọ̀dọ́ ní sẹ́kọ́ńdìrì náà, ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ehoro kan tàbí àgùntàn kan wá tó sìn fúnra ẹ̀. Ọmọ tó ń bá mi gé koríko yẹn, JSS 3 ló wà, ó mọ orúkọ gbogbo àgùntàn mi àti ìyá wọn àti ìyá ìyá wọn, èmi gan-an máa ń bi í léèrè.

Tí ẹ bá sì wá, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹni kan ṣoṣo sọ̀rọ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ sọ̀ kalẹ̀ wá bá wa nídìí ẹran, ẹ óò gbọ́ nǹkan.

Ọ̀rọ̀ Alága ló kù. Ọkùnrin yẹn tún pè mí láàárọ̀ yìí, ó ní òun á fi ogún ẹgbẹ̀rún lé e. Mo ní kó fún mi ní ọjọ́ mẹ́wàá, ó ní kí ni mo fẹ́ fi ọjọ́ mẹ́wàá ṣe, mi ò lè sọ fún un pé ìjọba ni mò ń kọ̀wé sí, ẹ̀rín ló máa fi mí rín. Ọ̀nà Ìkìrun, ẹ ní Ìyá Eléran, ọmọdé á júwe. Tí ẹnikẹ́ni nínú yín bá máa yà wò ó kí ọjọ́ mẹ́wàá náà tó pé, kó fi aṣọ dúdú sílẹ̀ nílé o, torí Alága ò fẹ́ràn àwọ̀ yẹn rárá, á kàn án, kó sì bá mi gbé òṣùwọ̀n dání tí ẹ bá ní.